Àwo Fìlà ní Ìsàlẹ̀ Òkè Ọlọ́yẹ́

Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tí Dókítà Adégoróyè ti dùbúlẹ̀ sínú àpò ìsùn funfun kan nínú yàrá òtútù tí ilé ìtajà náà fi ń dán àpò wò, lẹ́yìn dígí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó ń gbádùn rẹ̀ ni tàbí síìpù ti há mọ́ ọn lọ́rùn. Ojú rẹ̀ nìkan ló hàn, àti fìlà rẹ̀.

“Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogójì ọdún,” ó ń wí, ohùn rẹ̀ ń gba ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára dígí jáde. “Ẹ̀rọ ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Fámúyìdé, mélòó ni tìẹ?”

Pirinsípà Fámúyìdé wo dígí, ó tún yíjú padà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ ìwọnra ni, ó ń dúró de èsì. Ọkùnrin gíga ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tó ti ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ gírámà fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, tó sì ṣì máa ń na ara rẹ̀ ró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́yìn rẹ̀. Àpò méjì tí àwọn méjèèjì lò lọ́dún tó kọjá wà lórí itan rẹ̀, funfun kan, aláwọ̀ eérú kan. Wọ́n kó wọn wá fún pàṣípààrọ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi dì wọ́n mú. Apá rẹ̀ òsì kì í ròkè mọ́ láti nǹkan bí ọdún kan.

Ẹ̀rọ náà mí díẹ̀, bí ọmọ tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àlejò.

“Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ilé. Ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ ti ọmọ ọdún méjìlélógójì. Àpò funfun ló tọ́ sí yín. Ẹ máa pẹ́ fún wa.”

“Méjìlélógójì,” Dókítà tún un sọ láti ilẹ̀, pẹ̀lú ìkáàánú ẹni tó ti borí. “Kò burú. Ọdún méjì péré lo fi dàgbà jù mí lọ.”

Láti ojú fèrèsé ilé ìtajà náà, èèyàn lè rí Òkè Ọlọ́yẹ́ fúnra rẹ̀, àti òjìji Agboòrùn Ńlá tí wọ́n ta sójú ọ̀run láti fi dí oòrùn, òjìji náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún bọ̀ lórí rẹ̀, nítorí aago mẹ́wàá àárọ̀ ti fẹ́ lù. Ibi tí òjìji náà bá fọwọ́ kàn, yìnyín a sọ koríko ibẹ̀ di funfun. Ọkọ̀ orí okùn kan ń gòkè lọ jẹ́jẹ́, ó kó àwọn àgbà mẹ́fà kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn bojú. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ẹni tó bá gbé àpò búlúù, ti àwọn tí ara wọn kì í gbóná mọ́, ló ń wọ ọkọ̀ náà, pé ẹsẹ̀ ni àwọn alápò funfun fi ń gòkè. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ní èsì kan tí wọ́n máa ń sọ bí èèyàn bá rí wọn. Wọ́n ní àwọn ń lọ yẹ okùn wò ni.

“Tún un wò,” Pirinsípà sọ fún ẹ̀rọ.

Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, Dókítà Adégoróyè, tó tọ́jú eyín ìdajì ìlú kó tó fẹ̀yìn tì, fi oṣù mẹ́ta dàgbà ju Pirinsípà lọ, ó sì ti ń wúkọ́ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Ó tún wúkọ́ báyìí. Èémí rẹ̀ bo dígí. Pirinsípà wo dígí yẹn, ó wo ẹ̀rọ, inú rẹ̀ kò dùn rárá, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ó fẹ́ èyí tó ju ti Dókítà lọ.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ni ẹ̀rọ wí. “Ọwọ́ mi ló yá jù. Méjìdínlógójì ni.”

“O gbọ́ àbí o ò gbọ́?” Pirinsípà bi dígí.

“Mo gbọ́. O le ojú mọ́ ọn.”

“Ta ló le ojú?”

“Ìwọ ni. Ojú tí o fi ń wo àwọn ọmọ tó bá pẹ́ dé lo fi wò ó. Tí o bá tún wò ó bẹ́ẹ̀, ó lè dá ọ padà sí iléèwé.”

Pirinsípà fẹ́ fi hàn pé òun kò le ojú mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tún gbé ọwọ́ lé e. Ṣùgbọ́n ojú tó ti le fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kì í rọ̀ lójijì torí pé ẹni tó ni ín fẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ forí jì mí, bàbá,” ẹ̀rọ náà wí kíákíá. “Márùndínlógójì. Èmi ni mo ṣì í kà.”

Dókítà rẹ́rìn-ín títí tí àpò funfun náà fi ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí kòkòrò tó wà nínú ewé. Pirinsípà kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó sì ń wò ó bí ẹni tí ọwọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ó mọ irú máàkì yìí. Kò sí olórí iléèwé tí kò mọ̀ ọ́n. Máàkì tó ń ròkè bí bàbá ọmọ ṣe ń sún mọ́ ọ́fíìsì ni: ó wà ní ogójì nígbà tí bàbá ṣì wà lẹ́nu géètì, ó ti di àádọ́ta nígbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgbà tí ó bá fi máa jókòó, ọmọ ti gba ipò kìíní.

“Mojírayọ̀,” ó pe ẹni tó ni ilé ìtajà, “ẹ̀rọ yìí ń parọ́?”

Mojírayọ̀ ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yìn kántà. Obìnrin tó ti lé lógójì ni, oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí kò sí irú àpò ìsùn tí kò tà rí, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọmọ iléèwé Pirinsípà nígbà kan, ìdí sì nìyí tó fi ń dìde dúró ní gbogbo ìgbà tí ọkùnrin náà bá dárúkọ rẹ̀. Ó dìde báyìí.

“Kò parọ́ sà. Ó ń bọ̀wọ̀ ni.”

“Ìyẹn ni pé ó ń parọ́.”

“Nígbà tí mo kọ́kọ́ rà á, òótọ́ ló ń sọ sà. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló sọ ọ́. Bàbá kan wá níbí pẹ̀lú àwọn àna rẹ̀, ẹ̀rọ sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ẹni ọgọ́rin ọdún ló wà lára rẹ̀, pé kó máa wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Níwájú àwọn àna. Bàbá gbé ọ̀rọ̀ dé ìgbìmọ̀ ìlú. Ìgbìmọ̀ ní ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ wí létí àwọn èèyàn ohun tó máa tàbùkù ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ni wọ́n bá wá tún un kọ́.” Ó fi ìka tọ́ àwo igi kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. “Wọ́n wá ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ ní tirẹ̀, kó bọ́ fìlà sínú àwo yìí. Tí fìlà bá ti wà níbẹ̀, ẹ̀rọ á ka onítọ̀hún sí ẹgbẹ́ ara rẹ̀, á bá a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ ṣe ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Tó bá ti dé fìlà padà, ó parí.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ọdún mẹ́fà sà.”

“Àgbà mélòó ló ti bọ́ fìlà sí i?”

Mojírayọ̀ wo inú àwo náà. “Ẹ̀pà ni mo ń kó sí i sà.”

Lẹ́yìn dígí, Dókítà fa fìlà tirẹ̀ wálẹ̀ dé ojú pẹ̀lú ìka kan tó ráyè yọ jáde lẹ́nu síìpù.

“Ẹ̀rọ lè máa bọ̀wọ̀ bó ṣe wù ú,” Pirinsípà wí níkẹyìn. “Èmi mọ ara mi. Funfun ni mo gbé gòkè lọ́dún tó kọjá, mo sì sùn bí ọmọ tuntun. Alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo jí, òógùn bò mí. Ìyá Ìbídùn, ìwọ náà rí mi.”

“Mo rí yín,” Wúràọlá wí. Ó ń tú okùn ara àpò eérú náà, ó tún ń so ó.

“Nítorí náà, funfun. Ìṣọ́ ọgbọ̀n rèé, Mojírayọ̀. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ṣe. Lọ́dún tó ń bọ̀ mo ti pé márùndínlọ́gọ́rin, wọn ò ní jẹ́ kí n gòkè mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù kí wọ́n gbẹ́ orúkọ mi sára àpáta.”

Kò sí ẹni tó yẹ kó ṣàlàyé ìyẹn fún ní ìlú náà. Ilé kọ̀ọ̀kan tó ń mu omi òkè ló ń rán ẹnì kan, ó kéré tán, lọ sùn lórí rẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta lọ́dún, kó máa gbá yìnyín kúrò lẹ́nu àwọn ihò omi bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ẹni tó bá sùn níbẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, orúkọ rẹ̀ á wà lórí àpáta títí tí Agboòrùn Ńlá fi máa gbó.

“Búlúù náà ń kà sà,” Mojírayọ̀ wí jẹ́jẹ́. “Wọ́n á gbẹ́ orúkọ.”

“Pẹ̀lú agboòrùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọkọ̀ ló gbé mi lọ.”

“Agboòrùn náà kéré gan-an sà.”

“Mo ti rí i. Kò kéré.”

Ó mú àpò funfun tuntun kan kúrò lórí ìkọ́. Ohun tó dára ni, kí a má parọ́ mọ́ ọn. Kò wúwo ju adìẹ kan lọ, ó ń dán bí aṣọ ìyàwó, wọ́n sì fi òwú wúrà kọ nọ́mbà òtútù tó lè fara dà gàdàgbà sí àyà, níbi tí ẹni tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà òkè á ti rí i láìbèèrè. Àpò búlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sanra. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló kún inú rẹ̀. Ó ní ìbòrí, ó ní ọ̀já ọrùn tí kì í jẹ́ kí ooru jáde, ó sì ní àyè lọ́dọ̀ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ a dà bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

“Mojírayọ̀,” Wúràọlá wí láti orí àga rẹ̀, “nọ́mbà tó wà láyà funfun yẹn, kí ló sọ?”

“Mẹ́wàá sísàlẹ̀ òdo, mà.”

“Ti kí èèyàn sùn ni, àbí ti kí èèyàn má kú?”

Mojírayọ̀ wo Pirinsípà, ó wo ilẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń ta àpò ìsùn, kò sì sí oníbàárà tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí, bẹ́ẹ̀ òun ni ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà nínú iṣẹ́ náà.

“Ti kí èèyàn má kú ni, mà.”

“Ti kí èèyàn sùn ńkọ́?”

“Òdo géérégé, mà. Fún ẹni tó ń gbóná. Wọ́n kọ ọ́ sínú, lábẹ́ ibi tí wọ́n rán pọ̀.”

“Òtútù òkè lọ́dún yìí ńkọ́?”

“Méje sísàlẹ̀ òdo lálẹ́ àná, mà.”

“Ìyá Ìbídùn,” Pirinsípà wí, “ṣé èmi lo ń bá wí ni tàbí àpò?”

“Àpò ni mo ń bá wí. Ẹ̀yin, mi ò bá yín wí rí.” Ó gbé ojú sókè. Obìnrin kékeré ni, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí ohùn rẹ̀ kì í ga. “Bàbá Ìbídùn, lọ́dún yìí mi ò lè bá yín lọ. Dókítà èjìká ní mi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ gun òkè. Ta ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?”

“Adégoróyè máa wà níbẹ̀.”

Adégoróyè wúkọ́.

“Mi ò ní bẹ̀ yín,” Wúràọlá wí. “Ẹ ti dàgbà ju ẹni tí èèyàn ń bẹ̀ lórí aṣọ ìbora lọ. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ sùn ní alẹ́ mẹ́ta yẹn nínú ilé. Tí ẹ bá gbé funfun lọ, mi ò ní sùn. Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni.”

Pirinsípà gbé àpò funfun náà dání, kò gbé e padà, kò sì gbé e lọ sọ́dọ̀ kántà. Ó wo ẹ̀rọ. Ó wo àwo ẹ̀pà. Ó wo dígí, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń wò ó pẹ̀lú ojú méjèèjì.

“Sà,” Mojírayọ̀ wí. Ó ti dìde láti ìgbà yẹn, kò tíì jókòó. “Ẹ rántí pé ẹ fún mi ní méjìdínláàádọ́ta nínú Jọ́gíráfì?”

“Mo rántí.”

“Méjì péré ló kù kí n yege. Mo sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá mi wá bá yín pẹ̀lú iṣu. Ẹ ò fi méjì náà kún un.”

“Kò tọ́ sí ọ ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà,” Mojírayọ̀ wí. “Kò tọ́ sí mi.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ ni.

Pirinsípà Fámúyìdé gbé àpò funfun náà sórí kántà. Ó gbé ọwọ́ sí fìlà rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì bọ́ ọ. Mojírayọ̀ sáré na ọwọ́ kó lè da ẹ̀pà inú àwo nù, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù. Fìlà ti bà lé orí ẹ̀pà. A wá rí i pé irun tó wà létí ọkùnrin náà dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé níbi tí fìlà máa ń bò, kò sí èyí tí wọ́n lè pa láró.

Iná tó wà lórí ẹ̀rọ náà pa. Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, bí ohùn ẹni tó jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni.

“Fámúyìdé,” ó wí. “Báwo ni? Wá nǹkan jókòó lé, o ti dúró jù.”

Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, Dókítà nìkan ló ń pe ọkùnrin yìí bẹ́ẹ̀. Pirinsípà gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ.

“Ẹ̀jẹ̀ rẹ jẹ́ ti ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin,” ẹ̀rọ náà wí. “Kò burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ tutù báyìí, a sì wà nínú ilé. Tí o bá dá gbé funfun lọ sórí òkè yẹn, ní alẹ́ kejì o ò ní mọ ibi tí ìka ẹsẹ̀ rẹ wà. Ní alẹ́ kẹta, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ló máa mọ̀ pé o ò jí.”

“Mo sùn nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.”

“Gbé tọdún tó kọjá wá kí n wò ó.”

Wúràọlá di àpò méjèèjì mú. “Àpò àtijọ́ ni,” ó wí. “Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Àpò ti gbó.”

“Okùn ìrántí wà nínú wọn, mà,” Mojírayọ̀ wí. “Òun la fi ń mọ bí wọ́n ṣe lò ó, ká tó gbà á fún pàṣípààrọ̀.” Ó na ọwọ́. Wúràọlá wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wo ẹni tó dà á, lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ wọn.

Wọ́n tẹ́ àpò funfun àti àpò eérú náà sórí ẹ̀rọ. Ó ka okùn ìrántí inú wọn.

“Alẹ́ kìíní,” ó wí, “láti aago méjì òru títí di aago mẹ́fà, ooru tó wà nínú funfun kì í ṣe tìrẹ. Láti ẹ̀gbẹ́ òsì ló ti ń wọlé. Alẹ́ kejì bẹ́ẹ̀. Alẹ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Àpò eérú náà, síìpù rẹ̀ wà ní ṣíṣí ní àwọn wákàtí yẹn kan náà. Ìdajì rẹ̀ ló wà lórí tìrẹ. Ẹni tó ni ín fi ara tì ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ òsì sì wà níta.”

“Mi ò bọ́ gèlè mi,” Wúràọlá wí. “Kò gbọdọ̀ sọ tèmi.”

“Tiyín kọ́ ni mo ń sọ, màmá,” ẹ̀rọ náà wí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀. “Ẹ kú ìjókòó. Ti àpò ni.”

Dókítà pàápàá kò wúkọ́.

Pirinsípà yí padà. Láìsí fìlà, ojú rẹ̀ kéré, ó sì dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

“Inú balùwẹ̀ lo sọ fún mi pé o ti ṣubú.”

“Balùwẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ò bi í.”

“Ọdún kan, Wúràọlá.” Kì í dárúkọ rẹ̀ níwájú èèyàn. “Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ lórí òkè báyìí, ẹ ti dúró láàárín ẹgbẹ́ yín, ẹ ní òógùn bò yín, pé ṣe ni ẹ fẹ́ jẹ́ kí síìpù wà ní ṣíṣí. Ẹ bi mí bóyá èmi náà gbóná. Mo ní mo gbóná.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún pa èjìká òsì. “Inú yín dùn gan-an láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ tiẹ̀ kọrin.”

Pirinsípà lọ síbi àwọn ìkọ́, ó gbé funfun tuntun náà padà sí àyè rẹ̀, ó sì dúró níwájú àwọn búlúù bí ọmọ tó dúró níwájú pátákó.

“Mojírayọ̀, ẹni tó bá gbé búlúù, ọkọ̀ ló ń wọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“Ṣé ó lè mú ẹnì kan dání nínú ọkọ̀?”

“Ẹnì kan sà. Búlúù nìkan ni wọ́n gbà fún. Èyí olórí méjì ló wà fún ìyẹn.” Ó ti ń tú u sílẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀, àpò fífẹ̀ kan tó ní ìbòrí méjì, tó sanra débi pé kántà kò gbà á tán. “Kò sí òkè tí wọ́n máa fẹsẹ̀ gùn. Ẹnu ọ̀nà ibi ìsùn ni ọkọ̀ máa gbé yín dé.”

Wúràọlá ti dìde. Ó ń fi ọwọ́ kan àpò náà bí àwọn obìnrin ṣe ń fi ọwọ́ kan aṣọ tí wọn ò tíì pinnu pé àwọn fẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fẹ́ ẹ.

“Ẹ ti mọ̀ pé ọ̀nà yìí wà, mà?” Mojírayọ̀ bi í.

“Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti mọ̀,” Wúràọlá wí.

“O ò sọ ìyẹn náà,” Pirinsípà wí.

“Ẹ ti fẹ́ràn òkè náà jù. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ yín.” Ó tẹ ìyẹ́ inú àpò náà, ó jẹ́ kó wú padà. “Ṣùgbọ́n ó máa wù mí kí n rí àpáta náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilẹ̀ máa ń mọ́ dáadáa níbẹ̀.”

“Wọ́n máa gbẹ́ agboòrùn sí i o,” Pirinsípà wí, ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń kìlọ̀ fún.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Tí òjò bá rọ̀, orúkọ yín ò ní tutù.”

Pirinsípà wò ó. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tí Mojírayọ̀ kò gbọ́ rí ní gbogbo ọdún tó fi wà ní iléèwé rẹ̀, tí kì bá tí gbà gbọ́ bí wọ́n bá sọ fún un.

Fọ́ọ̀mù olórí méjì kò gùn. Orúkọ àti ilé ni, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo nísàlẹ̀, èyí tí Mojírayọ̀ kà sókè nítorí pé Pirinsípà kò mú awò rẹ̀ wá, kò sì fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀: “Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló máa sùn síbi tí atẹ́gùn ti ń wá?”

“Èmi,” Pirinsípà wí.

“Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ wo?” Wúràọlá bi í.

“Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ṣebí o wà níbí nígbà tí ẹ̀rọ sọ ọ́.”

“Mo wà níbí.” Ó mú fìlà kúrò nínú àwo, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára rẹ̀, ó sì gbé e dé e lórí pẹ̀lú ọwọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀ bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Iná ẹ̀rọ tàn. “Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n,” ẹ̀rọ náà wí.

“Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí òun sùn síbi atẹ́gùn,” Wúràọlá sọ fún Mojírayọ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ yíjú sí fèrèsé, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ bá mi fi ìyẹ́ kún ẹ̀gbẹ́ yẹn.”

Pirinsípà gbọ́. Etí rẹ̀ ò tíì di. Ó ń wo ọkọ̀ orí okùn tó ń bọ̀ wálẹ̀ lófìfo láti inú òjìji, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá láìjà, èyí tó jẹ́ ohun tuntun pátápátá nínú ìgbéyàwó náà.

“Fámúyìdé.” Ohùn Dókítà gba ihò dígí jáde, kò le mọ́. Ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. “Níbo lẹ ń gbé búlúù lọ?”

Pirinsípà tún fìlà rẹ̀ ṣe.

“À ń lọ yẹ okùn wò,” ó wí.

“Okùn náà ti ń retí wọn láti ọdún mẹ́ta,” Wúràọlá wí.

Dókítà fa síìpù lẹ́yìn dígí. Síìpù dún, ó há, ó tún dún.

“Iṣẹ́ okùn léwu,” Dókítà Adégoróyè wí níkẹyìn. “Ó yẹ kí dókítà kan wà níbẹ̀.”

Mojírayọ̀ kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó kẹ́kọ̀ọ́. Ó kó ẹ̀pà tó kù nínú àwo náà sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún mọ́ tónítóní, ó sì sún un sí iwájú díẹ̀, síbi tí ọwọ́ ẹni tó bá ń ti yàrá òtútù bọ̀ ti lè tó o.